Ohùn Ẹ̀rọ Kẹrin

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà," ni obìnrin náà wí.

Ọ̀gá rédíò wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀. Ó ti ka lẹ́tà tí olórin kan fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó láti mú kí ènìyàn wólẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó sì tún un kà, ó ń fa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn bí ẹni tó ń pe ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní:

"'Mo gbọ́ ohun tí obìnrin yín sọ nípa iṣẹ́ mi ní Sátidé tó kọjá. Ó ní ohun tó dára jù lọ nínú rẹ̀ ni ohùn kan tó ń kùn lábẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Kò sí irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ mi. Mo tún gbọ́ ọ délẹ̀ kí n tó kọ èyí. N kò mọ ohun tí ó gbọ́.'"

Kí ó tó kà á tán ni obìnrin náà ti mọ̀. Ó mọ ohun tí òun gbọ́, ó sì mọ ibi tí òun jókòó sí nígbà tí òun gbọ́ ọ.

Alágbàfọ̀ ni, ní ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ fún àwọn ilé ìtura àti ilé ìwòsàn. Etí Ehoro ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí íápíìsì ńlá tó máa ń bo etí rẹ̀ méjèèjì nígbà ìsinmi ọ̀sán. Inú àpò aṣọ ìwẹ̀ kan ni wọ́n ti bá íápíìsì náà. Wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìtura tó ni aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni kò wá; ní ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún, alábòójútó ní kí ó máa mú un lọ. Bí obìnrin yìí ti ń ka ọjọ́ nìyẹn. Kò sí ohun tó dùn ún rí tí kò mọ ọjọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá tó wà ní rédíò tẹ́lẹ̀, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì báyìí, ló fà á wọlé. Ó fẹ́ràn orin àwọn tó ń jókòó sínú yàrá tiwọn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti wáyà, tí wọ́n ń ṣe orin tí kò lọ́rọ̀, tí kò nílù, tí ilé iṣẹ́ orin kankan kò sì bá wọn gbé jáde. Orin abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Alágbàfọ̀ náà gbọ́ ọ̀kan, ó kọ ohun tó gbọ́ sínú lẹ́tà, ọ̀gá àtijọ́ sì kà á sórí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní kí ó wá máa fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Ó ti di ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta: gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ti sọ nípa orin kan rí pé: "Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé etí lé ògiri, tí tọkọtaya ilé kejì ń jà láì gbé ohùn sókè." Nípa òmíràn ó ní: "Ẹni yìí ṣí ilẹ̀kùn kan, kò wọlé, kò sì tì í. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi bá a dúró lẹ́nu ọ̀nà." Awakọ̀ kan kọ̀wé sí rédíò pé òun kò fẹ́ràn orin náà rárá, ọ̀rọ̀ Màmá ni òun ń dúró gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń gbọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: lẹ́ẹ̀kan nílé lórí ibùsùn, lẹ́ẹ̀kan lórí ìdúró nínú ọkọ̀, lẹ́ẹ̀kan níbi iṣẹ́. Ohun tó bá gbọ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ló ń kọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí, ara àwọn afọṣọ méjì kò yá, iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta sì já lé e lórí. Ó ń tòògbé nínú ọkọ̀. Bó bá délé, orí rẹ̀ kò tíì kan ìrọ̀rí tí oorun fi ń gbé e lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ìfọṣọ ló ti gbọ́ ọ, lórí òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì, láàárín ẹ̀rọ kẹrin àti ògiri.

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni," ó sọ fún ọ̀gá rédíò. "Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ mọ́ orin. Èmi ni mo ṣì í, màá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Ọ̀gá rédíò rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. "Màmá, ẹ yin ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko lórí rédíò mi."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Méje tó kù, iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo sọ."

Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti dé orí àga ló ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi gba aago mẹ́rin náà fún orin tó ń mú ènìyàn jó. Ọ̀nà ti wá là fún un báyìí. Ó fa bébà kan yọ, ó ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí obìnrin náà tó dé. Ó ní tó bá kà á bó ṣe wà ní Sátidé, yóò ṣì máa wá pe orúkọ orin fún wọn. Tí kò bá kà á, ọjọ́ náà ni ìkẹyìn.

Ohun tó wà nínú bébà náà ni pé: "Mo tọrọ àforíjì. Alágbàfọ̀ lásán ni mí, n kò mọ ohun tí orin jẹ́. Gbogbo ohun tí mo ti sọ níbí láti ọdún méjì, ẹ má kà á sí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orin tí gbogbo ènìyàn lè bá kọ ni a ó máa gbọ́ ní àkókò yìí."

Obìnrin náà ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì, ó sì kí ọ̀gá pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó jókòó sí ààyè rẹ̀, íápíìsì ní ọrùn, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ẹ̀rọ kẹrin. Irin tí àgbá rẹ̀ ń yí lé lórí ti jẹ. Mẹ́káníìkì ń bọ̀ wá pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń kùn, bí àgbàlagbà tí wọ́n bá wí tí kò fèsì, ṣùgbọ́n tí kò gbà.

Bàbá Aláyọ́ọ̀nù, tó dàgbà jù níbi iṣẹ́, tó sì jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ ní Etí Ehoro, gbé ife omi rẹ̀ wá síbẹ̀. Láàárọ̀ ni obìnrin náà ti sọ fún un pé ẹ̀rọ kẹrin ni òun yìn lórí rédíò. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀rọ náà. "Olórin rẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀? Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọrin níbí, ìwọ nìkan ló yìn ín."

Ó fi bébà hàn án. Bàbá nà án jìnnà sí ojú kó tó rí i kà. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kà á, kí ó jẹ́ kí àlàáfíà jọba. Ó ní òun alára ti bẹ alábòójútó mẹ́ta nítorí aṣọ tí òun kò fi áyọ́ọ̀nù jó, òun sì rèé nídìí tábìlì òun títí dòní. Ṣé ẹ̀bẹ̀ ń dá ọgbẹ́ síni lára ni?

Obìnrin náà wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Bẹ́ǹṣì kẹta láti ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí; tábìlì ọmọdé ni, orúnkún rẹ̀ kì í wọ abẹ́ rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí iṣẹ́ wọn. Ó kọ ọ́ pé: "Ọwọ́ mi ń rùn bí ilé ìwòsàn kí ọrùn ẹlòmíràn lè máa ta sánsán." Olùkọ́ kà á sókè, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ sì ní gbólóhùn náà kò nítumọ̀, kí ó pa á rẹ́. Ó fi írésà pa á títí ìwé fi lu.

"Mo pa á rẹ́, Bàbá. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Gbogbo èyí tí mo fi sílẹ̀ nínú ìwé yẹn ni mo ti gbàgbé. Èyí tí mo pa rẹ́ nìkan ni mo rántí."

Bàbá Aláyọ́ọ̀nù mu omi tó kù nínú ife. "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ," ó ní. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe."

Bàbá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ bá ti yọ, á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí wọn, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní aṣọ ìnura ń ro omi sí òun lẹ́sẹ̀, pé irú ìyà wo nìyí. Ọwọ́ Bàbá kò wálẹ̀. Odindi ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ̀rọ kẹrin fi sọ tẹnu rẹ̀ sínú fóònù.

Ní Sátidé, aago mẹ́rin ku díẹ̀, ó gbé fóònù náà fún obìnrin tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ní rédíò, ó sì ṣàlàyé ohun tó fẹ́. Ìyẹn béèrè bóyá ọ̀gá mọ̀ sí i.

"Kò mọ̀ sí i. Bó bá bi ọ́, sọ pé èmi ni."

Iná pupa tàn. Obìnrin náà tẹ́ bébà ọ̀gá síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣe àṣìṣe. Mo yin ohùn kan nínú iṣẹ́ ẹnì kan, ohùn náà kò sì sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹrin níbi iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kí n gbọ́ ọ níbi mẹ́ta, n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Wọ́n tún fún mi ní ìwé kan pé kí n kà fún yín, pé alágbàfọ̀ lásán ni mí, kí ẹ má ka ohun tí mo ti ń sọ sí. Alágbàfọ̀ ni mí lóòótọ́. Lásán yẹn ni n kò ní kà."

Ó ní kí wọ́n gbé orin náà wọlé bí ẹni tó ni ín ti ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ kẹrin rí. Ó di ojú. Nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé, ó sún mọ́ maikirofóònù.

"Ó mọ́ tónítóní. Ó dà bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò, tí àmì ẹsẹ̀ àga ṣì wà nílẹ̀. Ó dára. Ẹni tó ṣe é ló ni ín, n kò sọ pé kó fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n èmi náà gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Òun rèé."

Ó mi orí sí obìnrin ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ orin náà, ó ń kùn, yàrá òfìfo yẹn sì dà bíi pé ẹnì kan padà wá jókòó sí i.

Ó la ojú. Ọ̀gá rédíò wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń fi ìka kàn án. Ohùn ìka náà kò lè wọlé, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣí tó ń pa dé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè sí i, bí ẹni tó ń dá kẹ̀kẹ́ aṣọ dúró, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí orin náà fi tán.