Àwọn Adìẹ Àjà Òkè

Páànù ló máa ń kọ́kọ́ ké. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí ní Pápá Àjàó ní Múṣin, páànù orí ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí oòrùn á fi yẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ní Lẹ́sítà nílùú òyìnbó tí mo wà yìí, òrùlé kì í dún.

Abẹ́ irú páànù bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì fi ń dárúkọ mi. Theophilus Àkàngbé ni mí, àmọ́ ní Múṣin, Tísà Adìẹ ni wọ́n ń pè mí. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Yábàá tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ohun ọ̀sìn. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò le: ṣé èèyàn lè sin adìẹ nínú àgbàlá tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, kí ara sì tu adìẹ náà? Mo ya àwòrán ilé adìẹ onípákó, alájà mẹ́ta, adìẹ mẹ́rin lájà kọ̀ọ̀kan. A kàn wọ́n, a pín wọn fún ilé méje, a kó adìẹ pupa sínú wọn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ wò wọ́n.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Àṣàkẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ yà. Aránṣọ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Máṣíìnì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé adìẹ wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ páànù tí wọ́n nà jáde lára ògiri.

"Tísà Adìẹ! Ẹ ti tún dé láti wá bi adìẹ bóyá ó sùn dáadáa?"

"Ẹ káàsán, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n."

"Kà kí ni? Ẹ ò ní ka nǹkan ẹlẹ́mìí nínú ilé mi o. Ṣé ìyá yín ò kọ́ yín ni? Ẹ bi mí, màá sọ fún yín."

"Ó dáa. Ṣé ìkankan kú nínú wọn?"

"Ikú kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá mu omi."

Ìyá mi kọ́ mi. Inú ilé tísà ni wọ́n bí mi sí ní Sùúrùlérè, ilé Áńgílíkà pọ́ńbélé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ na ìka sí àwa ọmọ láti kà wá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà n kò ka adìẹ. Mo kọ ọ́ pé kò sí èyí tó kú, mo mu omi, mo kọjá sí ilé kejì. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi ní ilé méjèèje.

Oṣù Kẹta dé, ooru mú gan-an. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ wo àjà ìsàlẹ̀, mo nàró wo tòkè. Adìẹ dúdú méjì wà láàárín àwọn pupa níbẹ̀. Ọ̀kan ní funfun lọ́rùn.

"Àǹtí mi, adìẹ pupa ni mo kó fún yín."

Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Wọ́n yí àwọ̀ ni, Tísà. Ta ló dé Èkó tí kò yí àwọ̀?"

"Àǹtí Àṣàkẹ́."

Ó dá máṣíìnì dúró. "Ẹ gbọ́, àbúrò mi. Inú oòrùn lẹ máa ń rìn wá bá wa. Ẹ ò gbéraga, ẹ ò yájú. Ṣé ká wá jẹ́ kí ẹ bá àgò òfìfo? Èyí tó bá kú láàárín ọ̀sẹ̀, a ó ti mú òmíràn nínú tiwa tó ń jẹ̀ kiri, a ó fi dípò rẹ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Bí gbogbo wa ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn, kí ojú má bàa tì yín ní ọ́fíìsì."

"Àwọn wo ló ń kú?"

"Tòkè. Tòkè tó sún mọ́ páànù ṣáá ni. Wọ́n á yanu, wọ́n á ju apá sílẹ̀, ó parí. Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ti ń kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ bí mo ti ń kọ ọ́. Ìwé ìwádìí náà jáde, ó dára lójú gbogbo èèyàn. Òun ló gbé mi dé ìlú òyìnbó fún ẹ̀kọ́ sí i, n kò sì padà. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní ó ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí wá. Mo kàn gbàgbé ni.

Lóṣù tó kọjá, ohùn ọmọbìnrin kan dé sórí Wásáàpù mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣìmí lorúkọ mi, ọ́fíìsì yín àtijọ́ ní Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dádì, ẹ ò mọ bí mo ṣe wá yín tó! A ti rí ìwé yín. A fẹ́ kan ilé adìẹ yín fún ọ̀ọ́dúnrún ilé ní Múṣin. Àwọn ọ̀gá mi ní ooru á pa wọ́n. Mo ní rárá o, Dádì ti dán an wò, ẹyọ kan ò kú! Ẹ ṣáà bá mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àwọn káfíńtà wa ní Ìjọra ti ń rẹ́ pákó. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa kó adìẹ wọlé."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣírò ó: ẹgbẹ̀fà adìẹ ni yóò wà lájà òkè. Mo fọ kọ́ọ̀bù. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí kí nǹkan mú mi, bóyá ìtìjú, bóyá ẹ̀rù. Kò sí èyí tó wá. Ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú mọ́ èèyàn lára, tó ń wò ó bíi pé tẹlòmíràn ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi àwòrán ránṣẹ́. Pákó tuntun, alájà mẹ́ta, gẹ́lẹ́ bí mo ti yà á. Wọ́n ti fi ọ̀dà kọ orúkọ mi sí i lára. Ká ní Hilda ìyàwó mi wà láàyè ni, ì bá pariwo ayọ̀. Èmi gbé fóònù kalẹ̀. Nílé lọ́hùn-ún, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n fi ń mọ̀ mí. Bí mo bá sọ òótọ́, kò ní ku nǹkan kan fún mi níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó tún sọ̀rọ̀.

"Dádì, ṣé àlàáfíà ni? Ẹ ò dá mi lóhùn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, àgbà tí ò bá sọ̀rọ̀, kò kọ̀ nìyẹn, àbí? Màá bá yín kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Adìẹ ń wọlé láàárọ̀ ọ̀la o."

Ó fẹ́ kọ ohun tí n kò sọ sílẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀. Mo mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń já sí. Mo mú fóònù. Mo tẹ ọ̀rọ̀, mo pa á rẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á rẹ́. Níkẹyìn, ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ṣìmí, ẹ má kó adìẹ wọlé lọ́la. N kò ka adìẹ kankan nígbà náà, ohun tí àwọn onílé bá sọ ni mo ń kọ. Àwọn tó wà lájà òkè ń kú, wọ́n sì ń fi òmíràn dípò wọn kí n tó dé. Mo mọ̀, mo ṣì kọ ọ́ pé kò sí èyí tó kú. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ yọ àjà òkè kúrò, ẹ gbé ìyókù sábẹ́ ibòji, kí ẹ sì fi adìẹ díẹ̀ dán an wò. Kí ẹ fúnra yín kà wọ́n lójoojúmọ́, bí onílé bá tiẹ̀ ń bínú. Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ lára pákó yẹn. Àkàngbé."