Bíbélì Tí Wọ́n So Mọ́ Kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ṣítù alápatà kan Àkàngbé ló yọ eyín rẹ̀ kan dànù. Ìkejì ò tíì balẹ̀ tí àwọn ará ilé yòókù fi bò ó: ẹni tó ní igi ń lo igi, ẹni tó ní bàtà ń lo bàtà. Ọlábọ̀dé télọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni wọ́n jí, èyí tó fi ń bọ́ ilé.

Ní Muṣin, lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, ta ló ń dúró de ọlọ́pàá? Wọ́n á ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú Bíbélì níbi tí Sáàmù ti dárúkọ olè, wọ́n á fi òwú dè é pinpin, ẹni méjì á fi ìka gbé orí kọ́kọ́rọ́ dání, wọ́n á wá máa pe orúkọ. Orúkọ tí Bíbélì bá yí sí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọlábọ̀dé àti Ṣítù ló gbé e láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n pe Àkàngbé, ó yí. Ìka Ọlábọ̀dé ń gbọ̀n nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Bíbélì ni gbogbo wọn ń wò.

Yàtọ̀ sí ọjọ́ olè, abẹ́ ìrọ̀rí ni Bíbélì ọ̀hún ń sùn. Ọlábọ̀dé jáde ìwé mẹ́fà o. Ó kàn gbà pé Bíbélì tó bá ti wà nílé ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mú un," Àkàngbé ké.

Ṣítù la igi mọ́ Àkàngbé lápá. Apá náà kán, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

Rosaline, ìyàwó Ọlábọ̀dé, já Bíbélì gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó fi eyín já òwú, ó ṣí i síwájú ọkọ rẹ̀. "Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi lẹ ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ ibí yìí, ẹ ò kà á rí. Ẹ kà á sókè."

Ọlábọ̀dé kà á torí kí ìyàwó rẹ̀ lè gbẹ́nu dákẹ́. Ó ka ibi tí olè wà, àwọn ọkùnrin mi orí. Ìka Rosaline kò kúrò lójú ìwé, ọkọ rẹ̀ bá ń kà á lọ. Àṣé kì í ṣe olè ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀. Ẹni tó ń fẹnu pe òfin Rẹ̀ ló ń bá wí, ẹni tó jókòó tó ń ba ọmọ ìyá rẹ̀ lórúkọ jẹ́.

"Télọ̀, ṣé ká máa bá a lọ?" Ṣítù bi í, igi ti wà lókè.

Ọlábọ̀dé ju ara rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lórí. Igi bà á lẹ́yìn, ó dùn ún dé egungun. Ṣítù ju igi sílẹ̀, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọlábọ̀dé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó na ọwọ́ láti nu ẹ̀jẹ̀ ojú Àkàngbé. Àkàngbé yára fi apá kan tó kù bo ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí mọ́."

Láti àárọ̀, Ọlábọ̀dé ò fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, ó rọra fi ṣẹ́ẹ̀tì náà so apá tó kán.