Ìpè Ìrun Lórí 2G

Mẹ́rìnlá ni ojú fóònù kọ pé ó kù nínú bátìrì. Nígbà tí Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ wò ó lẹ́yìn sààrì, mọ́kàndínlógójì ló wà níbẹ̀, kò sì tíì fi pe ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, bóyá ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa. Mẹ́rìnlá náà ni.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí tíráńsífọ́mà àdúgbò wọn ní Àgbàdo ti bú gbàù. Jẹnẹrétọ̀ mọ́sálásí, tí gbogbo wọn fi ń ṣájì, kọṣẹ́ ní àná. Fóònù gbogbo ará ọgbà náà ti kú tán. Ti Bàbá nìkan ló ṣẹ́kù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Nígbà tí Fadilah, aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú, bi í léèrè pé, "Bàbá Ládánì, ṣé fóònù tiyín ṣì ń tàn?", "Alhamdulillahi" ni ó fi dá a lóhùn, ó sì tẹjú mọ́ búta tó fi ń ṣe àlùwàlá bí ẹni pé ó ń jò.

Kì í ṣe ahun. Hanifah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń rọbí ní Magboro. Ọdún mọ́kànlá àti oṣù méje ni òun àti Nurat, ìyàwó rẹ̀, fi wá Hanifah kí Ọlọ́run tó dá wọn lóhùn. Nurat ti wà lọ́dọ̀ Hanifah báyìí, ṣùgbọ́n Bàbá kò lè lọ. Ọ̀kadà kan ló gbá a níbi ojú irin, ní Àlàmísì kejì nínú oṣù Ṣàbáànì, nígbà tí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí eegun ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì sán. Títí di òní, ó mọ àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó gun ọ̀kadà náà wọ̀.

Zubair, ọkọ Hanifah, ti ṣèlérí fún un. "Bàbá, bí wọ́n bá bí ọmọ náà, èmi ò ní í pe ìrun sí i létí. Ẹ̀yin lẹ ó pè é. Màá gbé fóònù sí i létí ọ̀tún." Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣe ládánì, tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ra gbohùngbohùn tuntun, wọ́n mú Ashraf tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, wọ́n sì fún Bàbá ní jalámíà funfun kan pẹ̀lú àdúrà gígùn. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fi ohùn rẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́. Ìpè yìí ni iṣẹ́ tó kù fún un.

Fóònù dún nígbà tí oòrùn kan àtàrí. Zubair ni.

"Bàbá, kò tíì bí i o. Mélòó ló kù nínú bátìrì yín?"

"Mẹ́rìnlá."

"Háà! Ṣé ẹ tan dátà sílẹ̀ ni?"

"Èwo ló ń jẹ́ dátà nínú wọn?"

Zubair rẹ́rìn-ín. "Bàbá, 4G ni fóònù yín ń wá kiri níbi tí kò sí. Bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù ló rí: ó ń rìn, ó ń wá, ó ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ sí sẹ́tíǹsì, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ SIM sí, ẹ yan 2G. Kí ẹ sì pa dátà."

"Ìpè rẹ á ṣì wọlé?"

"Á wọlé, Bàbá. Fídíò nìkan ni kò ní í ṣeé ṣe."

Bàbá wọ awò ojú rẹ̀. Ó ń fi ìka wá a bí ẹni tó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó rí SIM, ó rí 2G, ó sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó máa fi kírun Alásárì tán, mọ́kànlá ló kù. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó fi eérú bo ẹyín iná, tó padà wá bá a ní pípọ́n.

Òjò ṣú ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀run dúdú kí àsìkò tó tó. Mẹ́sàn-án ló kù nígbà tí fóònù tún dún.

"Bàbá! Ọkùn… ti… layọ̀…"

Ohùn Zubair ń já bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó ń jẹ gúgúrú. 2G náà kò wọ abẹ́ páànù dáadáa. Ẹ̀rù ba Bàbá láti fọwọ́ kan sẹ́tíǹsì, kí ìpè má baà gé. Ó fa ọ̀pá rẹ̀ yọ, ó ta gíẹ́gíẹ́ jáde títí dé ẹ̀gbẹ́ kànga, níbi tí ohùn ti mọ́ gaara.

"Ọkùnrin ni, Bàbá! Àlàáfíà ni ìyá ọmọ wà. Mo ti gbé fóònù sí ọmọ létí."

Bàbá gbọ́ èémí kan tó kéré, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó kọjú sí gábàsì. Jẹ́jẹ́ ni ó fẹ́ pè é, bí a ti í pè é sétí ìkókó. Ṣùgbọ́n àrá sán, Zubair sì ké láti òkèèrè pé, "Ẹ gbóhùn sókè, Bàbá, ó ń kéré!"

Ó gbé e sókè. "Allahu Akbar" àkọ́kọ́ há díẹ̀, èkejì já geere. Kò rántí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò rántí òjò, kò rántí àwẹ̀. Ohùn náà fo ògiri ọgbà, ó gba ojúlé dé ojúlé, ó kọjá ojú irin. Bó ṣe dé "Laa ilaaha", fóònù pariwo tín-ín, bátìrì rẹ̀ tó ti gbó kò lè gbé mẹ́sàn-án tó kù, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó parí ìyókù sínú fóònù tó ti di irin tútù.

Ó dúró. Ṣé ọmọ náà gbọ́ ọ parí? Ṣé ó tilẹ̀ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀?

Nígbà náà ni ó gbọ́ ariwo ife. Ẹnì kan ní, "Bísímílà." Ẹlòmíràn gbé omi mì, ó tún dúpẹ́ pé àsìkò ìṣínu tètè dé lónìí. Olúsànyà, onígbàgbọ́ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé, yọjú pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

"Bàbá Ládánì, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú péré ni o! Ṣé wọ́n ti gé àwẹ̀ kúrú ni?"

Fadilah sáré jáde, èso dàbínù kan ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Bàbá! Ògì ti dé ikùn mi!"

"Ẹ má bínú. Ọmọ ni mo pe ìrun sí létí. Hanifah ti bí ọkùnrin."

"Hanifah bí? Ẹ kú oríire o!" Ó kúnlẹ̀, ó tún wo ọwọ́ Bàbá. "Fóònù tí ẹ ní ó ti kú?"

"N kò sọ pé ó kú."

"Ẹ ò sì sọ pé kò kú!"

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa gba àwẹ̀ mìíràn dípò ti òní, òun á bá wọn gbà á.

Wọ́n gbé ife wọn kalẹ̀, wọ́n sì dúró de àsìkò. Nígbà tó tó, ohùn Ashraf wá láti mọ́sálásí, tín-ínrín, láìsí gbohùngbohùn. Ó pè é parí. Bàbá tẹ́tí, kò gbọ́ kí ife kankan dún. Fadilah yọ orí lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé ká mu ún?"

Ojúlé kejì dákẹ́, ojúlé kẹta náà dákẹ́. Ìgbà náà ló yé e pé òun ni wọ́n ń dúró dè.

"Ẹ mu ún," ni ó wí.

Ife bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá jókòó sí etí kànga, fóònù tó ti kú wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ mọ́ bóyá ọmọ náà gbọ́.