Búrẹ́dì Tó Ṣẹ́kù ní Gamboru

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa ka ọmọ ọlọ́mọ. Tíṣà ni mí. Láràárọ̀, kí n tó kọ ohunkóhun sójú pátákó, màá fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọn kò bá sì pé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìyókù wà fún mi. Èyí gan-an ló fa ìjà èmi àti ìyá ọkọ mi. Lójú Màmá, èèwọ̀ ni kéèyàn ka ọmọ. Ọjọ́ tí a kó Ṣaléwá àkọ́bí mi jáde, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń ka àwọn ọmọ àdúgbò kí n lè bu ìrẹsì fún wọn, ni wọ́n bá gbá mi lọ́wọ́ bí ẹni tó gbá olè mú. Wọ́n ní àlejò kan ka ọmọ àwọn rí níbi tí wọ́n ti ń jẹun, kí ọdún náà sì tó parí, àwọn ti sin méjì nínú wọn. Kí lẹ fẹ́ kí n wí sí ìyẹn? Mo bu ìrẹsì náà láìkà wọ́n, ṣùgbọ́n inú bí mi.

Báǹkì ló gbé Raphael ọkọ mi wá sí Maiduguri, àdúgbò Fori la sì ń gbé. Màmá kò bá wa gbé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti bá òwò aṣọ lọ sí N'Djamena, olú ìlú Chad, tí wọ́n sì mú àbúrò ọkọ mi dání ní kékeré. Oyèbámijí ni orúkọ rẹ̀, Bàbá Bíyìí là ń pè é. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀ níbẹ̀, ó sì fẹ́ Adéníkẹ́ tí à ń pè ní Ìyá Bíyìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwọn, tí wọ́n bí sí ìlú Chad. Àwọn ọmọ wọn ń sọ Lárúbáwá, wọ́n ń sọ Faransé. Yorùbá wọn kò sàn ju ti àwọn ọmọ tèmi tí Hausa ti gbà lẹ́nu wọn lọ.

Lọ́dún 1980, àwọn ológun Chad kọjú ìbọn síra wọn láàrin ìgboro, a kò sì gbúròó àwọn ènìyàn wa mọ́. Ọkọ mi kì í tíì bọ́ṣọ iṣẹ́ kó tó sáré lọ sí tasha, ibùdókọ̀, láti béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ti Gamboru lẹ́nubodè dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́ríì já wọn sílẹ̀ ní àdúgbò Custom, onítakisí kan sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà wa. Màmá ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ìyá Bíyìí tẹ̀lé wọn, Ọmọ́wùnmí wà lẹ́yìn rẹ̀. Bíyìí fa Bùsọ́lá àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Eruku ti sọ gbogbo wọn di aláwọ̀ kan náà.

Iṣẹ́ ẹni kì í fi ojú ẹni sílẹ̀, mo ti kà wọ́n kí n tó mọ̀. Mo ní, Bàbá Bíyìí ńkọ́? Wọ́n ní ó ti padà sẹ́yìn. Mo ní, Tìmẹ́hìn ọmọ wọn kejì dà?

Ìyá Bíyìí tú etí ìró rẹ̀, ó mú búrẹ́dì gbígbẹ kan jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì mi.

Ní ilé ìdáná ló ti sọ ọ́ fún mi, ó ń ṣa ẹ̀wà bó ti ń sọ ọ́. Àárọ̀ ni ìjà wọ àdúgbò wọn. Wọ́n sá lọ sí etí odò Ṣárì, torí pé bí èèyàn bá ti lè sọdá sí Kúsérì, ilẹ̀ Cameroon ló dé yẹn, kò sógun níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló ń kó èrò. Ìyá Bíyìí wọ ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti Bùsọ́lá. Màmá àti Bíyìí wọ èyí tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ ní òun kò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tí gbogbo ilé fi ń jẹun sì nìyẹn. Ni Màmá bá fi Tìmẹ́hìn tì í.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Jẹ́jẹ́ ni, kì í jiyàn. Wọ́n ní, "Jókòó ti ẹ̀rọ yìí. O ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ o, bàbá ẹ ń bọ̀ wá gbé e." Wọ́n kígbe sí Bàbá Bíyìí tó ń di ẹrù lókèèrè pé kó mú ọmọ àti ẹ̀rọ bọ̀. Bàbá Bíyìí kò gbọ́. Ọta àgbá ti ń bọ́ sínú omi, èrò tì í wọnú ọkọ̀ ẹlòmíràn, òun sì rò pé ọmọ ti bá ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá rò pé ó wà lọ́dọ̀ Màmá. Ní ti Màmá, ó dá wọn lójú pé bàbá rẹ̀ ń mú un bọ̀.

Ní Kúsérì, lọ́ríì tó ń lọ sí Gamboru ti fẹ́ ṣí. Sójà Cameroon kan tó ń to èrò sínú rẹ̀ na ìka, ó fẹ́ ka àwọn ọmọ. Màmá bọ́ síwájú rẹ̀, wọ́n gbá ìka náà dànù. Wọ́n ní, "Má ka ọmọ fún mi. Gbogbo wa la pé." Ara sójà kò gbà á kó máa bá arúgbó jà, ló bá taari wọn wọlé. Bàbá Bíyìí àti àwọn ọkùnrin yòókù rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, àwọn obìnrin àti ọmọdé há sábẹ́ tapólì nínú òkùnkùn, lọ́ríì sì gbéra.

Gamboru ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Bíyìí ra búrẹ́dì gígùn kan, Ìyá Bíyìí sì ń bù ú bó ṣe máa ń bù ú nílé, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó fún Bíyìí. Ó fún Bùsọ́lá. Ó rẹ díẹ̀ sómi fún Ọmọ́wùnmí. Ìgbà náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé ẹnì kan wà tí kò tíì gba tirẹ̀.

Bàbá Bíyìí kò fi oúnjẹ kan ẹnu. Ó yí padà lójú ẹsẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè ní ilé ìdáná yẹn. Ọkọ̀ ṣì ń lọ, ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ lójú odò nígbà tí sójà yẹn na ìka! Bí wọ́n bá jẹ́ kó kà wọ́n ni, wọn ì bá padà lọ mú ọmọ wọn. Mo dìde kí n lọ sọ ọ́ lójú Màmá, kó dà bó ṣe máa dà. Ìyá Bíyìí di aṣọ mi mú. Ó ní kí n jókòó, Ìyá Ṣaléwá, pé ìjà kọ́ ló kù fún òun, ọmọ ni òun ń retí.

A wá ń retí. Nàìjíríà ni ilẹ̀ baba wọn, àmọ́ 'yan Chadi, àwọn ará Chad, ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n, Bùsọ́lá kò sì mọ bó ṣe máa béèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá Bíyìí ń bu oúnjẹ Tìmẹ́hìn sọ́tọ̀. Búrẹ́dì yẹn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Màmá a jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, wọ́n a máa sọ fún ẹni tó bá kọjá pé ọmọ àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ní kó dúró ni, pé ọmọ tó ń gbọ́ràn ni Tìmẹ́hìn, kò ní kúrò níbẹ̀. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn bí nǹkan míì.

Òjò àkọ́kọ́ ti ṣú nígbà tí Bàbá Bíyìí dé. Òun nìkan ló dé. Ó ti gbé Kúsérì pẹ́, ó ti wo ojú gbogbo ọmọ tí ogun lé wá síbẹ̀, kó tó rí apẹja kan tó mọ ọmọ náà. Apẹja yìí ní òun pe ọmọ kan kó wọ ọkọ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ náà kọ̀. Ó fọwọ́ lé ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ó ní màmá àgbà ní kí òun dúró tì í. Nígbà tí apẹja náà fi tún sọdá padà, ọta àgbá ti bọ́ sí etí odò níbẹ̀. Inú yanrìn ni wọ́n sin àwọn tó kú sí.

Ìyá Bíyìí kò pariwo. Ó gbé búrẹ́dì náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi dongoyaro ẹ̀yìnkùlé wa, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. A kò ní òkú tí a lè sin, ìyẹn náà la sin. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò. Omijé kò bọ́ lójú wọn. Ìyàwó ọmọ wọn kò bú wọn, kò bi wọ́n léèrè.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó sá wá láti Chad láti ilé dé ilé. Ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ Kànúrí ni, ó mọ̀wàá hù. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kí wa kú ọ̀fọ̀. Ó ní ẹni tí òun bá kà ló máa gba àyè láti jókòó sí Maiduguri, tí yóò máa gba àgbàdo, tí wọ́n á sì fi ọmọ rẹ̀ sílé ìwé. Bàbá Bíyìí wolẹ̀. Ọkùnrin náà wá kọjú sí àwọn obìnrin.

"Yara nawa?" Ọmọ mélòó?

Mo fẹ́ dáhùn. Màmá nawọ́ sí mi pé kí n dúró, wọ́n dìde lórí ẹní.

"Èmi ni màá kà wọ́n."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé Bíyìí lórí, wọ́n ní, "Ọ̀kan." Wọ́n ṣísẹ̀ kan, wọ́n gbé ọwọ́ kan náà sínú òfìfo tó wà láàrin Bíyìí àti Bùsọ́lá, níbi tí orí ọmọ ọdún mẹ́jọ ì bá dé. Wọ́n ní, "Èjì." Wọ́n gbé e lé Bùsọ́lá, ẹ̀ta. Wọ́n gbé e lé Ọmọ́wùnmí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹ̀rin. Wọ́n yíjú sí ọkùnrin ìjọba.

"Gbogbo wa la pé."

Ọkùnrin náà wo àwọn ọmọ, ó sì wò mí. Èmi tí wọ́n ń sanwó oṣù fún nítorí ọmọ kíkà, mo gbójú sá fún un.

Ìyá Bíyìí ló sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ, kò já Màmá ní koro rí.

"Mẹ́ta ni wọ́n, Màmá. Ẹ tún wọn kà."

Màmá wo ojú rẹ̀ títí. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Bíyìí, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n ní, "Ọ̀kan." Wọ́n kọjá sórí Bùsọ́lá. Ó pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó lè pe èjì, nígbà tí wọ́n sì pè é tán, ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó kù.