Ìbọn Ọdún Tuntun Tí Jost Dáhùn

Gbogbo àwọn tó wá sìnkú Velten Emmerich ló gbà pé orí ìyàwó rẹ̀ ti dàrú. Apollonia ń tẹnu mọ́ ọn pé òun gbọ́ ìbọn tó dá ìbọn ọkọ òun lóhùn láti ilé ẹ̀ṣọ́. Ẹni méjì péré nínú ilé náà ló mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Peter Klingel ni ọ̀kan. Èkejì ni Jost Weigandt, ẹni tó yin ìbọn náà gan-an.

Jost jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, àwo ápù gbígbẹ tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án.

Láti ìgbà tí àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn, ti ń ja ogun bọ̀ láti ẹ̀yìn Òkè Búlúù, gbogbo ọkùnrin Jámánì tó tẹ̀dó síbẹ̀ ló ń ṣọ́ àdúgbò. Òfin wọn kò le. Bí ìbọn mẹ́ta bá dún láti ilé ẹnikẹ́ni, ó ń ní kí wọ́n gba òun nìyẹn. Bí ilé ẹ̀ṣọ́ bá yin ẹyọ kan, wọ́n ń sọ pé àwọn ti gbọ́, kí ó ti ilẹ̀kùn, àwọn ń bọ̀. Nítorí èyí ni ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn ọdún tuntun. Ṣùgbọ́n láti ayé baba ńlá wọn, ìbọn mẹ́ta bákan náà ni wọ́n fi ń kí ara wọn kú ọdún. Ẹni tí a kò bá yìn fún, a jẹ́ pé a kò kà á sí.

Nígbà tí òun àti Jost ń la igi lẹ́yìn Kérésìmesì, Velten ní, "Ọ̀gá ní ká má yìn lọ́dún yìí."

"Ta ló máa sọ fún un?" ni Jost wí. "Èmi àti Peter la máa wà nílé ẹ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Yìn ín, màá dá ẹ lóhùn. Àbí ẹ̀rù ìyàwó ẹ ló ń bà ẹ́?"

"Ìyàwó tèmi, tó ń pariwo ju ìbọn lọ? Ẹ̀rù kankan ò kù lára mi mọ́."

Nítorí náà nígbà tí ìbọn mẹ́ta dún ní àárọ̀ ọdún, ẹ̀rín ni Jost rín. Ó kọjú ìbọn tirẹ̀ sókè, ó yìn ín, ó sì padà sídìí búrẹ́dì tó ń yan. Ọ̀sán ni wọ́n tó rí òkú Velten lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń ja ogun bọ̀ ti pa á. Nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ bi àwọn méjèèjì tó wà nílé ẹ̀ṣọ́ léèrè, Peter ló kọ́kọ́ dáhùn pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbòmíràn, àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Jost mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nísinsìnyí pásítọ̀ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Jost, ìwọ ni baba ìsàmì Lisbet. Mú ọmọ náà lọ sílé ẹ, títí ara ìyá ẹ̀ á fi balẹ̀. Kò dáa kó máa gbọ́ ìsọkúsọ yìí."

Lisbet, ọmọ Velten àti Apollonia, ti na ọwọ́ méjèèjì sí i. Àpò Jost ni ọmọ náà ti máa ń rí ápù gbígbẹ jẹ. Apollonia fà á mọ́ra.

"Baba Ìsàmì, ẹ gbọ́ mi. Velten ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pé ká sá wọ igbó. Ìbọn yẹn ló dún. Ó ní, 'Wọ́n ti gbọ́, wọ́n ń bọ̀.' Ló bá tún ilẹ̀kùn tì, ó ní kí èmi àti ọmọ wọ ihò tí à ń kó ọ̀dùnkún sí. Ẹ̀yin lẹ wà nílé ẹ̀ṣọ́. Tí ẹ bá tún lè wo ojú mi kẹ́ ẹ ní ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, èmi náà á gbà pé mo ti ya wèrè, kẹ́ ẹ máa mú ọmọ lọ."

"Gbé ọmọ, ká máa lọ," Peter sọ ọ́ sí Jost létí.

Jost gbé àwo sílẹ̀. Ó dìde.

"Ìyá Lisbet, orí yín pé. Èmi ni mo yìn ín. Mo rò pé ó ń kí mi kú ọdún ni. Èmi náà ni mo ní kó yìn."

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ wo Peter, Peter wo ilẹ̀. Apollonia kò sunkún, kò sì ṣépè.

"Ó ti ṣí ilẹ̀kùn, Jost," ló wí. Kò pè é ní Baba Ìsàmì mọ́. "Ó ti ṣí i."

Nígbà tó tó àkókò láti gbé pósí, Jost, tó wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti gbé e, fà sẹ́yìn. Ọkùnrin mìíràn sì bọ́ síwájú láti gba ipò rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ fún Jost," Apollonia wí fún ọkùnrin náà, Lisbet wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣebí ó ní òun ń bọ̀. Jẹ́ kó wá gbé e."

Jost bẹ̀rẹ̀, ó sì ti èjìká bọ abẹ́ pósí ọ̀rẹ́ rẹ̀.