Dóńgù Tó Ń Já ní Ìkòsí

Ẹ wo Mutolib bó ṣe ń wo fóònù! Ọkùnrin tí kò tíì fọ ẹnu, tí kò tíì kí ìyàwó rẹ̀ pé ẹ kú àárọ̀, áàpù sólà ló kọ́kọ́ ń ṣí. Iṣẹ́ sólà ló ń ṣe ní Alápẹ̀rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ tún mú ju iṣẹ́ ọ̀hún lọ. Ohun tó fi ń fa oníbàárà mọ́ra ni pé kò sí ilé tí òun gbé ínfátà sí tí òun kò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun kí òun máa wo bátìrì rẹ̀ lórí fóònù. Ike kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dóńgù ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Wọ́n á kì í bọ ìdí ínfátà, á gba Wi-Fi inú ilé, á sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ilé ìyá rẹ̀ ní Ìkòsí ló kọ́kọ́ gbé e sí. Alhaja Ajarat ti ta ata rodo ní Mile 12 fún ọgbọ̀n ọdún kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Òun nìkan ló ń dá gbé ibẹ̀ báyìí. Ní àsùbáà, bí Alhaja bá ti tan kẹ́tùlù kí omi àlùwàlá rẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìlà tó ń fi iná tí wọ́n ń lò hàn lórí fóònù Mutolib á fò sókè. "Màámi ti jí," ni yóò wí. "Ara wọ́n le, àlùbáríkà." Ó parí nìyẹn. Kò ní pè, kò ní lọ. Láti Alápẹ̀rẹ̀ sí Ìkòsí o, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbéni dé kí èèyàn tó jẹ ẹ̀pà tán, géńdé yìí á lo oṣù kan gbáko kò ní yọjú! Ẹ bi í léèrè, á ní òun ń rí ìyá òun lójoojúmọ́.

Ìgbà tó yá, iṣẹ́ Ifákọ̀ dé. Ilé méjìlá nínú ẹ́sítéètì kan, gbogbo wọn ló fẹ́ sólà. Láti ọjọ́ tí Mutolib ti dá dúró, kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n alága ẹ́sítéètì náà, Baba Adétúnjí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ẹnu dídùn mú.

"Gbogbo ẹ̀yin oní-sólà lẹ máa ń sọ pé ẹ ń rí i lórí fóònù," Baba wí. "Tí ìròyìn yẹn bá já, tí bátìrì wa sì ń kú lọ, ta ló máa sọ fún yín? Fi ilé kan tó o ti ṣe hàn mí fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kò gbọdọ̀ já o."

Mutolib rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kéré. Ó so fóònù Baba mọ́ dóńgù ilé ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé wo ló tún fọkàn tán tó ìyẹn?

Ọjọ́ kejìlá pé, ìròyìn já. Mutolib sáré dé Ìkòsí, ó bá dóńgù ní ààyè rẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, ó pààrọ̀ síìmù inú ráútà. Alhaja gbé oúnjẹ fún un, wọ́n jọ tàkúrọ̀sọ títí di Aláásárì. Baba Adétúnjí ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ení. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó tún já. Mutolib ra dóńgù tuntun, ó gbé ráútà lọ sójú fèrèsé, ó jẹun, ó padà sílé.

"Tún un kà láti ení, ó ku ẹ̀ẹ̀kan," Baba wí. "Tó bá tún já, màá pe ẹlòmíràn."

Ọkàn Mutolib kò balẹ̀ mọ́. Ó ń wo fóònù nídìí oúnjẹ, ó ń wò ó ní mọ́sálásí. Ọjọ́ kọkàndínlógún, ọjọ́ Sátidé, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìlà dúró gbọnrangandan. Ó pe ìyá rẹ̀, ìyá kò gbé e. Yéè! Ó kó gbogbo irinṣẹ́ sínú báàgì, ó fò sínú kẹ̀kẹ́. Láti Kẹ́tu ló ti ń ṣépè: ó ṣépè fún ẹni tó ṣe dóńgù, ó ṣépè fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó ṣépè fún oòrùn pàápàá, oòrùn tó ń bọ́ ọ!

Ó dé ilé, dóńgù wà ní ààyè rẹ̀, iná ń ṣẹ́jú. Ó tú ìdí ínfátà, ó wọn iná, ó yẹ wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Òógùn bò ó.

"Àkànní mi, wá jẹun," Alhaja ké láti yàrá ìdáná.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀ ná! Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Ebi ò kí ń tún wáyà ṣe. Wá."

Mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́fà ló wà nínú abọ́, oníẹja, ó ń yọ èéfín. Mutolib tú ọ̀kan, ó bu ún sẹ́nu, ó sì dúró. Ọmọ tó bá dàgbà nílé Alhaja Ajarat mọ̀ pé ìyá yìí kì í ṣe mọ́ínmọ́ín lójú kan. Ó gbọ́dọ̀ rẹ ẹ̀wà, kó bó o, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́lọ̀, kó pọ́n ọn, kó tó wá gbé e kaná. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni. Ìlà yẹn kò sì tíì já ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

"Màámi, ta lẹ se èyí fún?"

"Ìwọ ni."

"Ta ló sọ fún yín pé mò ń bọ̀?"

Alhaja gbé omi mu. Ó tún gbé e mu.

"Màámi!"

"Haba! Ṣé o fẹ́ mú mi lọ sí téṣàn ọlọ́pàá ni? Èmi ni mo yọ ike yẹn. Méjì tó ṣáájú náà, èmi ni. Tí mo bá ti gbúròó rẹ ní géètì, mo máa ń tì í padà."

Inú bí Mutolib débi pé ó dìde dúró. "Ilé méjìlá, Màámi! Ẹ ti ba ilé méjìlá jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Ìgbà wo lo sọ fún mi nípa ilé méjìlá?"

Lóòótọ́ ni, kò sọ fún un.

"Ohun tí èmi mọ̀," Alhaja wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, "ni pé tí nǹkan yẹn bá ń ṣiṣẹ́, mi ò kí ń rí ọ. Tí mo bá ti yọ ọ́, kí wọ́n tó kí Àyìlá, o ti dé."

"Ẹ ò bá pè mí."

"Kí n máa bẹ̀ ọ́? Ìwọ lo bí mi ni? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò dákẹ́, mo yọ ọ́."

Ojú ti Mutolib, ojú tì í gidi. Ó jókòó padà. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún: Baba Adétúnjí. Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Ẹ̀rọ yẹn ò já rárá, sà. Wọ́n ń yọ ọ́ ni."

"Ta ni?"

"Ìyá mi ni, sà." Ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún Baba, kẹ́tùlù àsùbáà, mọ́ínmọ́ín, oṣù tí kì í yọjú, kò fi ìkankan pamọ́.

Baba gbọ́ ọ tán, ó pe orúkọ rẹ̀.

"Mutolib."

"Sà."

"Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, Kánádà ni gbogbo wọn wà. Àwọn ló fẹ́ sanwó sólà tèmi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí i lórí fóònù àwọn lọ́hùn-ún."

"Á ṣeé ṣe, sà."

"Ó dáa. Wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Baba wá fi kún un: "Ṣùgbọ́n tó o bá so tèmi tán, kó o tó kúrò, kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ hàn mí."