Ife Atalẹ̀ Làtífátù

Ó ní ó ta ju ti àná lọ… Kí ló fẹ́ mú un ta ju ti àná lọ? Omi ife méjì. Atalẹ̀ kan, kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí gáàsì. Èmi tí mo fi ọdún márùnlélọ́gbọ̀n to fáìlì ìjọba, tí ẹyọ kan ò sọ nù rí — ṣé atalẹ̀ ìyàwó mi ni n ó wá ṣì sè?

Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́. "Bàbá, atalẹ̀ lè bá wọn dín èébì kù o. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ló ń bá jẹjẹrẹ ọmú jà. Olùrànlọ́wọ́ lásán ni atalẹ̀." Mo dúpẹ́. Mo sì yan ara mi ní ọ̀gá àgbà fún olùrànlọ́wọ́. À ń ṣèpàdé láràárọ̀ ní ilé ìdáná: èmi alága, èmi akọ̀wé, ìkòkò ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ewé tí Olújìmí aládùúgbò wa já wá láti Ọdẹ́dá… nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu, ó lè máa bá abẹ́rẹ́ fa wàhálà. Mo dà á nù. Atalẹ̀ nìkan ló kù tí ọwọ́ mi lè ṣe fún un.

Lọ́la ni abẹ́rẹ́ kẹrin. "Ó ti sú mi, Bàbá Rodiat. N ò lọ mọ́." Lánàá nìyẹn. Mo ní, ṣebí atalẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ó wò mí títí… "Ó ń ṣiṣẹ́. Ó dáa, màá lọ."

Láàárọ̀ yìí, ó mu ún délẹ̀. "Ti òní mà ta ju ti àná lọ o! Ẹ ṣeun."

Ahọ́n Làtífátù kì í purọ́. Ahọ́n tí àwọn aláró Ìtòkú ń wá bẹ̀ lọ́wẹ̀. Á ti ìka bọ ìkòkò aró, á tọ́ ọ wò: "Ó ku ọjọ́ kan kó tó ṣeé rẹ aṣọ." Ọjọ́ kan náà ló máa kù. Ahọ́n yẹn á dúdú, èmi á sì máa sọ fálejò pé ìyàwó mi mu yíǹkì ọ́fíìsì mi…

Ẹ jẹ́ n fọ ìkòkò. Ọ̀bẹ rèé. Pátákó rèé. Kí ni —

Atalẹ̀ òní. Odindi. Tòun teèpo.

Omi gbígbóná lásán ni mo gbé fún un.

Ahọ́n yẹn… láti ìgbà wo ni kò ti mọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́nu mọ́? Láti abẹ́rẹ́ kejì? Àti ẹ̀rọ omi tó máa ń ṣí sílẹ̀ gbàà bó bá ti wọ balùwẹ̀… èébì ló ń fi bò mọ́lẹ̀ kí n má baà gbọ́. Ta wá ni à ń tọ́jú nínú ilé yìí?

"Ó ta." "Màá lọ."

Ohùn kan náà ni. Ohùn kan náà ló fi sọ méjèèjì, nítorí tèmi.